Iná Ló Gbé Mi, Kì í Ṣe Ẹ̀mí

Bọ̀ọ̀dá Àmúsà, ẹ má kí mi! Ẹ má béèrè ilé, ẹ má béèrè iṣẹ́, ẹ gbé rédíò onírédíò yẹn sílẹ̀ kí ẹ kọjú sí mi, torí ìjà ni mo bá wá sí Ìkòtún lónìí, láti Ẹgbẹ́dá ni mo sì ti ń dá sọ̀rọ̀ bọ̀ nínú mọ́tò, débi pé obìnrin tó jókòó tì mí gbé ọmọ rẹ̀ kúrò ní itan tó kọjú sí mi, ó gbé e sí ìkejì! Ṣé ẹ rí nǹkan funfun tó wà nínú ọ̀rá yìí? Ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo ní ẹ má fọwọ́ kàn án! Òun nìyẹn. Òun ló sọ mí di wòlíì.

Wòlíì kẹ̀! Èmi Báyọ̀dé, akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì, èmi tí mi ò lè sọ bóyá òjò máa rọ̀ àfi tó bá ti ń pa mí, èmi ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Lánàá òde yìí, ìyá kan dá mi dúró lẹ́nu géètì, ó ní kí n bá òun wo ọmọ òun tó wà ní Kàdúná. Mo ní Màámi, gìtá lèmi ń ta. Ó ní òun mọ̀, ó ní kí n ṣá ti kọjú sí ọ̀nà Kàdúná kí n máa ta á.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rín in! Ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀ wá bá yín nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹ ó rí i. Ẹ sún àga yẹn fún mi jàre.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti èṣí ni mo ti ń bẹ ìjọ wa pé kí wọ́n ra pẹ́dà kan ṣoṣo fún mi, àpótí kékeré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó ń yí ohùn gìtá padà. Mi ò tọrọ mẹ́ta, mi ò tọrọ mẹ́rin. Mo mọ ohun tí mo fẹ́. Kọ́rọ́ọ̀sì ni mo fẹ́, aláwọ̀ búlúù, èyí tó ń mú kí gìtá kan dún bíi gìtá méjì tó jọ ń rìn, tí èkejì kàn fi díẹ̀ rẹ̀yìn, kó máa dán, kó máa ṣàn bí omi. Mo kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn gàdàgbà-gàdàgbà, KỌ́RỌ́Ọ̀SÌ, BÚLÚÙ. Kódà mo ya àwòrán rẹ̀! Mo ní ẹ má ra aláwọ̀ ọsàn o, ìyẹn ń han, ó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, kì í ṣe nǹkan ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ ní kí wọ́n so gìtá mọ́ ọn níbẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ, torí etí ni wọ́n fi ń ra pẹ́dà, wọn kì í fojú rà á. Ṣé èèyàn tún lè ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ta ni wọ́n wá rán lọ? Bàbá Abraham! Alága ìgbìmọ̀ ìkórè wa, tó tún máa ń wàásù. Bàbá tó bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé dandan ni kí okùn gìtá jẹ́ mẹ́fà, pé ṣé mẹ́rin ò lè ṣe é ni!

Bàbá dé Alábà, ó bá pẹ́dà lórí tábìlì lóríṣiríṣi àwọ̀. Ó ní pupa kọ́, torí ìjọ wa kì í lo pupa. Dúdú kọ́, a kì í lo dúdú. Ìyẹn dáa, òfin ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó ní aláwọ̀ ọsàn, àbúrò pupa ni. Ó wá dé orí búlúù mi, búlúù tí mo yàwòrán rẹ̀, ó gbé e sókè, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní búlúù jọ dúdú tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Búlúù jọ dúdú! Bọ̀ọ̀dá Àmúsà, ẹ gbà mí! Ló bá rí ọ̀kan tó funfun báláú ní igun tábìlì, ó pariwo pé, "Èyí gan-an ni Olúwa fi hàn mí, ó bá sùtánà wa mu!" Ó fi àwọ̀ sùtánà yan pẹ́dà! Wọn ò so gìtá mọ́ ọn, wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n wé e sínú ìwé ìròyìn, ó di Ẹgbẹ́dá.

Ẹ́kò ni, Bọ̀ọ̀dá. Èyí tó ń tún ohun téèyàn bá ti ṣe ṣe. Ẹ ta gìtá lẹ́ẹ̀kan, á tún un ta lẹ́yìn yín. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, nǹkan gidi ni lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Àwọn bọ́tìnì wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń yí, ọ̀kan ń sọ iye ìgbà tó máa tún un, ọ̀kan ń sọ bó ṣe máa yá tó, téèyàn bá rọra yí wọn sílẹ̀, gìtá á máa dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá ló wà. Rọra, mo ní rọra! Ṣùgbọ́n Bàbá Abraham ti yí gbogbo bọ́tìnì yẹn dé òkè pátápátá kó tó gbé e fún mi, ó ní òun ò fẹ́ nǹkan tó ń ṣe ààbọ̀ iṣẹ́ nílé Ọlọ́run, ó sì fi tépù lẹ̀ wọ́n pa kí ẹnikẹ́ni má baà yí i. Ẹ wò ó, tépù náà rèé. Ìgbà méje géérégé ló ń tún nǹkan sọ. Ẹ kà á ní oókan, ẹ kà á ní eéjì, méje ni.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí mo lò ó, a kọrin parí, gbogbo akọrin ṣe Àmín, wọ́n jókòó, gìtá mi ò jókòó. Ìyá Àtọ́kẹ́ tó jẹ́ olórí akọrin wa bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀dé, ẹ dákẹ́." Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kó lè rí i pé mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ní, "Mo ti dákẹ́, Mà. Òun ni kò tíì dákẹ́." Ẹ mọ̀ pé obìnrin yẹn rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́? Ó ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún òun níwájú ìjọ! Mo dọ̀bálẹ̀ o, gìtá lọ́rùn, mo bá tún ṣèèṣì gbá okùn mọ́lẹ̀, gbàù, ló bá tún bẹ̀rẹ̀!

Mo rò pé ó tán nìyẹn, pé wọ́n máa jẹ́ kí n lọ pààrọ̀ rẹ̀. Rárá o. Ní Bàbá Abraham bá dìde, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní ohùn yìí gan-an ló yẹ kí ìwàásù òun máa bá jáde. Ó ní kí n wá bí máìkì òun ṣe máa gba inú pẹ́dà kọjá pẹ̀lú gìtá. Mo ní kò ṣeé ṣe, Sà, ihò kan ṣoṣo ló ní. Mo rò pé mo ti gbọ́n.

Ta ni wọ́n wá lọ bá, tó gba wáyà méjì, tó jó wọn pọ̀ mọ́ orí kan ṣoṣo kó lè wọ inú ihò kan? Ẹ má wo òkè àjà! Ojú mi ni kí ẹ wò! Ta ni?

Ó dáa. Ta ló ní pẹ́dà yìí ń mu bátìrì jù, bátìrì kékeré onígun mẹ́rin yẹn, pé òun máa ṣe adápítọ̀ tó máa máa fa iná NẸ́PÀ fún un? Ta ló tú ìdí tẹ́ẹ̀pù àlòkù kan, tó kó gbogbo ìfun rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, tó fi òjé lẹ̀ ẹ́, tó nà án sí mi, tó ní, "Báyọ̀dé, eléyìí á pẹ́ láyé jù ọ́ lọ"? Bọ̀ọ̀dá Àmúsà, ó kù díẹ̀! Mo fi Ọlọ́run búra, ó kù díẹ̀ kó rí bẹ́ẹ̀!

Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Ọjọ́ ìkórè ni. Gbogbo ìjọ ló pé, àlejò wá láti Command, àlejò wá láti Ìgándò. Ẹ mọ̀ pé àwa kì í wọ bàtà wọ ilé ìsìn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń bọ́ bàtà ní mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í tẹ iná ńbẹ̀! Rọ́ọ̀gì tí mo máa ń dúró lé, wọ́n ti ká a lọ tẹ́ fún àwọn àlejò pàtàkì. Wọ́n wá wọ́n omi ìyàsímímọ́ káàkiri, wọ́n wọ́n ọn sí ẹsẹ̀ mi, wọ́n wọ́n ọn sídìí pẹ́dà. Sìmẹ́ńtì tútù rinrin lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, agolo mílíìkì yín wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Títí wà nídìí dùùrù, sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ò sì ju apá kan lọ sí i. Ẹ rántí Títí, olùkọ́ tí mo ń fẹ́, tí mo mú wá kí yín nígbà kan. Torí ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí, ẹ ṣáà máa gbọ́.

Bàbá Abraham gbé ọwọ́ sókè. Àmì wa nìyẹn, tó bá ti gbé ọwọ́ kí n tẹ pẹ́dà kí ẹ́kò lè bá a wàásù. Máìkì wà láàárín wa. Mo gbé ẹsẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́.

Yéè!

Bọ̀ọ̀dá, iná yẹn ò gbá mi o, ó dì mí mú ni! Ó ti àtẹ́lẹsẹ̀ gòkè, ó gba orúnkún kọjá, ó dé ẹnu mi, gbogbo eyín mi ń jó. Ẹsẹ̀ ò ṣeé gbé. Mo wá pariwo sí ẹni tó sún mọ́ súìṣì jù, mo ní, "Títí, pa á!" Kí ló yẹ kí ẹni tí iná gbé sọ? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ iná, kí lẹ máa sọ? Kí n máa ka Sáàmù ni? Pa súìṣì! Pa iná! Pa á! Ṣùgbọ́n ẹnu máìkì ni mo wà, máìkì sì wà nínú pẹ́dà, pẹ́dà ò sì mọ̀ pé èèyàn ń kú lọ. Ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ó ní pa á, pa á, pa á, pa á, pa á, pa á, pa á! Méje! Ohùn yẹn ń dún lórí páànù ilé ìsìn bíi pé ojú sánmà ló ti ń bọ̀. Gbogbo ìjọ dìde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo.

Títí pa á. Ọlọ́run bù kún un, ó pa á. Mo ṣubú.

Ìgbà tí mo lajú, wọ́n ti fi ọ̀já funfun dì mí nídìí, àwọn ìyá mẹ́ta ń fẹ́ mi ní abẹ̀bẹ̀, Ìyá Esther tó ń kọ ìran sílẹ̀ fún ìjọ wa sì wà lórí ìkúnlẹ̀ létí mi, ìwé lọ́wọ́ kan, bírò lọ́wọ́ kejì, ó rọra ń bi mí pé, "Ṣé ó tán, Bọ̀ọ̀dá, àbí ó kù?"

Ṣé ó tán!

Wọ́n kà á síta. Wọ́n ní Ẹ̀mí pe Títí lórúkọ, ó ní kó pa á, ó tẹnu mọ́ ọn nígbà méje, nítorí náà ẹran méje ni Títí àti àwọn òbí rẹ̀ máa pa, kí gbogbo ìjọ jẹ ẹ́ fún ìdúpẹ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí irú ẹran. Bàbá Abraham ní àgbò. Ìyá Àtọ́kẹ́ ní ewúrẹ́, torí ó ń tètè jinná. Àwọn ọ̀dọ́ ní ṣé kò lè jẹ́ tòlótòló. Èmi wà nílẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí pé kí lo fẹ́ sọ!

Wọn ò dúró o. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ìyá Esther kó alàgbà mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, ilé bàbá Títí, wọ́n lọ jíṣẹ́ Ẹ̀mí. Bàbá Títí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà! Ọkùnrin tó jẹ́ pé tí orin bá ti ní àtẹ́wọ́ nínú, ó ti ń wá bàtà rẹ̀! Sátidé tó ń bọ̀ yìí sì ni mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ wa, tí àwọn ènìyàn mi máa lọ rí àwọn ènìyàn wọn.

Mo sáré lọ bá wọn ní ọjọ́ Túsìdeè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá bọ́ jígí ojú, ó ní, "Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Báyọ̀dé?" Èmi tí mo ti jẹ ìrẹsì nílé wọn ju ìgbà mẹ́wàá lọ! Mo ní èmi ni, Sà. Ó ní, "Ọkùnrin tó yẹ kó máa fa ẹran bọ̀ nílé mi, òun ló ránṣẹ́ pé kí n máa fa ẹran bọ̀ lọ́dọ̀ òun?" Mo ní, "Sà, kì í ṣe ẹran, súìṣì ni." Ó ní, "Súìṣì méje?"

Bàbá ní kí n dìde, pé mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ Sátidé, kí n lọ fi súìṣì ṣe é. Mo sunkún ní ibùdókọ̀ Abúlé Ẹ̀gbá. Kọ̀ndọ́ mọ́tò kan ní Bọ̀ọ̀dá, ṣé wọ́n jà yín lólè ni? Mo ní ó kúkú sàn kó jẹ́ olè.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n dìde lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ní ìsìn àdúrà. Mo ní kí n má parọ́ mọ́ Ẹ̀mí Mímọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Mo dúró níwájú gbogbo wọn, mo ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ òtítọ́. Ọjọ́ ìkórè yẹn, iná ni!" Kí n tó pa ẹnu dé, Bàbá Abraham ti fò sókè, "Ẹ gbọ́ o! Ó jẹ́rìí! Ó ní iná ni! Iná Ẹ̀mí Mímọ́!" Halleluyah gba gbogbo ilé. Mo ní, "Iná NẸ́PÀ, Sà! NẸ́PÀ!" Ta ló ń gbọ́?

Títí ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó dìde nídìí dùùrù, jẹ́jẹ́, bó ṣe ń ṣe níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ tẹ pẹ́dà yẹn ká wò ó." Bàbá Abraham rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní iná ayé kì í gbé ẹni tí wọ́n ti fi òróró yàn. Ó ká sùtánà sókè. Mi ò sọ pé Títí ló da omi sílẹ̀ níbẹ̀ o. Ohun tí mo sọ ni pé ife omi kan wà lọ́wọ́ Títí, ìgbà tí mo sì wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ife náà ti ṣófo.

Bàbá tẹ̀ ẹ́.

Háà! Bàbá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó fò bí ọmọ tó já wọ inú ìjàlọ! Sùtánà ń lọ síbí, fìlà ń lọ sọ́hùn-ún. Ibi tó ti ń gbọ̀n ló ti rí Ìyá Esther tó ti ń ṣí ìwé, tó ń la ẹnu bírò. Ẹ̀rù bà á. Ó ké sí i nínú máìkì, "Má kọ ọ́!" Ẹ gbọ́, ó ní kó má kọ ọ́ sílẹ̀! Pẹ́dà gbà á, má kọ ọ́, má kọ ọ́, ó di méje. Ṣùgbọ́n ohùn ẹni tí iná gbé, ṣé ó ń dúró sójú kan ni? Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Ìyá Esther gbọ́ tirẹ̀, ó ní "Má kọ̀ ọ́" ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ń bi mí pé ṣé Bàbá ò wá jẹ́wọ́ pé iná ni. Báwo ló ṣe máa jẹ́wọ́? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní iná kì í gbé ẹni tí wọ́n fi òróró yàn! Tó bá ní iná ni, a jẹ́ pé òróró ti gbẹ lórí rẹ̀ nìyẹn. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ní Bàbá, kí ni? Ó wo ìjọ, ó wo pẹ́dà, ó ní, "Ẹ̀mí ni."

Mo kọ́kọ́ ní ìbànújẹ́. Àfi bí Ìyá Àtọ́kẹ́ ṣe ní ìtumọ̀ rẹ̀ yé òun: má kọ̀ ọ́, ìyẹn ni pé kí bàbá Títí má kọ Báyọ̀dé! Bọ̀ọ̀dá Àmúsà, mo jó. Mo fi ẹsẹ̀ tí iná gbé jó! Mo ní iná Olúwa, iná NẸ́PÀ, èyí tó bá wù yín ni kó jẹ́, ẹ jẹ́ ká ti lọ jíṣẹ́ ẹ̀. Lánàá, a kó ara wa dé Abúlé Ẹ̀gbá. Ìyá Esther gbé ìwé sí ọwọ́ bàbá Títí. Bàbá wọ jígí, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Má kọ̀ ọ́." A ní bẹ́ẹ̀ ni, Sà. Ó ní, "Èmi ni wọ́n ń sọ fún?" A ní ẹ̀yin ni, Sà. Ó ní, "Kí ni nǹkan tí ẹ gbé wá síwájú mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè?" Ìyá Esther ò lè pa ẹnu mọ́, ó ní ẹran méje ni, Sà. Bàbá bọ́ jígí. Ó ní, "Ẹ̀mí ní kí n má kọ ẹran méje. Mi ò kọ̀ ọ́. Kí Báyọ̀dé kó o wá ní Sátidé."

Halleluyah! Àwọn alàgbà mi gan-an ló ń ṣe é! Mo wo Títí pé kó gbà mí, Títí ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n má ṣàníyàn, pé wọ́n ṣáà ti gbà mí. Wọ́n gbà mí! Ẹran méje!

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí mi. Ẹ fi irin òjé yẹn sílẹ̀, mi ò wá tún nǹkan kan ṣe. Ta ló jó wáyà? Ẹ̀yin. Ta ló ṣe agolo mílíìkì? Ẹ̀yin. Mi ò bá yín jà mọ́, ṣùgbọ́n ẹ máa bá mi dá sí ẹran yìí, ẹ ò ní rí ẹ̀yìn mi nínú ṣọ́ọ̀bù yìí títí tí ẹ fi máa... Ẹ dúró ná.

Kí ló ń ké yẹn?

Bọ̀ọ̀dá Àmúsà. Kí ló ń ké lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yín? Ẹ má sọ fún mi pé rédíò ni, rédíò kì í ké mẹ̀ẹ́! Ti Iléyá kẹ̀? Iléyá ṣì ku oṣù méjì, mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ mi ku ọ̀la! Ẹ jókòó, ẹ má dìde, mo ti rí okùn rẹ̀. Háà, ó sanra o, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín.

Ó ku mẹ́fà.